Etí Èèyàn La Ní Lọ́kàn

Bàbá Aláago ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé sórí fóònù rẹ̀, ó bọ́ awò ojú, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó gbé e padà, ó tún un kà. Ọ̀rọ̀ ò yí padà. Àwọn tó ni ọjà ní àwọn rí yẹtí rẹ̀, ó dùn mọ́ àwọn nínú, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, ó wá kù díẹ̀: àwọn fẹ́ rí i lára etí.

"Etí ta ni?" ló bi fóònù náà.

Fóònù ò dáhùn. Nínú yàrá yẹn, òun nìkan náà ni ì bá dáhùn, torí kò sí ẹlòmíì níbẹ̀.

Láti ìgbà tí irun ti pé sórí bàbá yìí ló ti ń tún aago ṣe. Yàrá kan ló ní, lókè ilé alájà kan lórígun òpópónà: ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tábìlì iṣẹ́ lábẹ́ fèrèsé, ẹ̀mú wẹ́wẹ́, ìṣó wẹ́wẹ́, àwọn nǹkan tó jẹ́ pé bí èèyàn bá sín lórí wọn, wọ́n di àwátì. Nígbà kan, àtẹ̀gùn ilé náà kì í sinmi. Ẹni tí aago rẹ̀ ń sáré á tètè dé, ẹni tí tirẹ̀ ń fà á pẹ́ dé, wọ́n á wá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa bá ara wọn jiyàn pé ta ló kọ́kọ́ dé. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó kan ilẹ̀kùn, ìyàwó bàbá á ti béèrè látinú yàrá pé, "Ta nìyẹn?" Fóònù wá dé. Gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aago kiri nínú àpò láìmọ̀ pé aago làwọn gbé, aago ọwọ́ bá di ẹ̀gbà lásán. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó rẹ̀ kú. Àtẹ̀gùn dákẹ́. Bí ẹsẹ̀ kan bá dún níbẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ ológbò ni, ológbò náà sì ṣìnà ni.

Àwọn aago tí wọn ò wá gbà ló ṣẹ́kù fún un. Ó so wọ́n rọ̀ lára ògiri, láràárọ̀ ló sì ń yí wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa kú. Kì í ṣe pé ó fẹ́ mọ ohun tí aago wí. Ẹnu wọn ò tiẹ̀ kò. Èyí ní aago mẹ́ta ti lù, ìyẹn ní mẹ́sàn-án ni, èyí tó wà nítòsí ilẹ̀kùn takú pé ọ̀sán ṣì ni. Wọ́n ń jà bí ìdílé tó ń pín ogún. Bó bá sì ti ń gbọ́ ìjà wọn báyẹn, á dà bí ẹni pé èèyàn wà nílé.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan kú pátápátá lára wọn. Ó tú u palẹ̀, ó rí kẹ̀kẹ́ idẹ kékeré méjì nínú rẹ̀, eyín wọn pé, wọ́n ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ wọ́n. Ó fi wáyà fàdákà kọ́ wọn, ó so ìlẹ̀kẹ̀ pupa wínníwínní sí wọn nídìí, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń gbé òdìkejì òkun. Ọmọ wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fa etí rẹ̀ já.

"Bàámi," ó pè é lórí fóònù, "ọjà kan wà."

Orí ayélujára ni ọjà náà wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí kálukú kàn ń gbé igbá lọ bó ṣe wù ú. Ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nìkan ni wọ́n ń gbà, àwọn kan sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ṣa èyí tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì máa fi ọ̀rọ̀ dídùn dá ìyókù padà sílé. Bàbá Aláago ń pè wọ́n ní àwọn aṣàyàn. Ó ní ìwà ìyá ọkọ ni wọ́n ń hù. Wọn kì í bú èèyàn. Wọn á ní ó dára, wọn á ní kò burú, wọn á wá ní ó kù díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ti ọjà lọ. Ó ti pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó palẹ̀ yàrá mọ́, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá náà ọkùnrin, ní ìlú tí ọkọ̀ ń rìn dé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ó ní èèyàn wà níbẹ̀, ẹnì kan á máa wo ojú rẹ̀. Bàbá Aláago mọ ilé náà. Ó mọ ìgun pálọ̀ tí wọ́n máa fi í sí. Ó ní wọ́n á gbé òun kalẹ̀ níbẹ̀ bí aago ògiri tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí wọn ò lè jù nù torí pé àgbàlagbà ló fún wọn, àwọn ọmọdé á sì máa bú sẹ́rìn-ín bí òun bá dún.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe báyìí," ni ọmọ rẹ̀ wí níkẹyìn. "Bí àwọn ọlọ́jà yẹn bá gbà yín, ẹ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tábìlì yín. Bí wọn ò bá gbà yín, ẹ kó ẹrù."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀."

"Mi ò ní dà yín láàmú mọ́ láé, bí wọ́n bá gbà yín."

"Ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ, ìyá mi."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn aago nìyẹn. Èyí tó ti kú ló kọ́kọ́ mú. Nígbà tí wọ́n tán, ó mú àwọn tó ń ṣàìsàn. Nígbà tí ìyẹn náà tán, àwọn alálàáfíà ló kù lára ògiri, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Yẹtí ń pọ̀ lórí tábìlì, ìjà ń rọlẹ̀ lára ògiri. Ọmọ rẹ̀ bá a fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí ọjà. Èsì tó wá dé rèé: etí.

Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Etí rẹ̀ ò ní ihò, ó bá fi òwú so yẹtí náà mọ́ ọn, ó na fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ò ní fẹ́ rí fọ́tò náà. Irun tó ṣí kúrò lórí àgbàlagbà kì í lọ síbi tó jìnnà, inú etí ló ń kó lọ. Yẹtí náà dà bí ọ̀ṣọ́ tí wọ́n so mọ́ ìgbálẹ̀.

Ó jókòó, ó fẹ́ mu tíì kó fi ronú. Ojú rẹ̀ bọ́ sára ife. Ife ní etí, ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Wọ́n ní etí, wọn ò sọ etí ta ni. Ó fi yẹtí kọ́ etí ife, ó gbé e síbi tí oòrùn wà, ó yà á, ó fi ránṣẹ́, ó sì mu tíì rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga. Kó tó mu ún tán, èsì ti dé.

"Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Fọ́tò náà pa wá lẹ́rìn-ín. Etí èèyàn la ní lọ́kàn. Ọjọ́ Ẹtì la máa ti ilẹ̀kùn."

Ó wá yé e pé etí gbọ́dọ̀ dé kí Ẹtì tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ á tì.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni èèyàn ti ń rí etí? Ẹni tó níyàwó ní méjì nílé. Ẹni tó bímọ mẹ́rin ní mẹ́jọ lórí ẹní, wọn ì báà má fi gbọ́ràn. Bàbá Aláago jókòó, ó ka gbogbo etí tó mọ̀ láyé, ó sì rí i pé èyí tí kò kú ti kó lọ.

Ló bá dìde, ó jáde. Ó lọ dúró síbùdókọ̀, ó ń wo etí àwọn èèyàn bí ẹni ń wo ọjà. Etí gbọọrọ, etí bíńtín, etí tó na síta bí ẹni tó fẹ́ fò. Obìnrin kan tó gbé báàgì lọ́wọ́ rí i, ó fi ọwọ́ bo tirẹ̀.

"Bàbá, kí ni wọ́n ń sọ nípa mi tí ẹ fi ń wo etí mi, ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti gbọ́ ni?"

"Rárá o, ọmọ mi, etí náà ni mò ń wò."

"Kí ẹ sọ fún ẹni tó rán yín pé mo ti gbọ́." Ó wọkọ̀ lọ.

Ó dé ilé ìtajà oògùn. Obìnrin tó ń ta oògùn níbẹ̀ ní ọ̀yàyà, ó máa ń kí i bí ó bá ń kọjá, Bàbá Aláago sì rò pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kíni la ti ń tọrọ nǹkan. Ó tò sórí ìlà. Nígbà tó kàn án, ojú tì í nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn, ó bá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ káàsán, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, etí yín ni mo fẹ́."

Obìnrin náà wo ìlà, ó wo bàbá, àánú ṣe é. Ó tẹ̀ síwájú lórí káńtà, ó gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀. "Mò ń gbọ́, bàbá."

Etí rèé níwájú rẹ̀, kò ju ìka mẹ́rin lọ sí ojú rẹ̀. Ó wò ó dáadáa. "Ó dára," ó ní.

"Kí ló dára?"

"Etí yín."

"Ẹ má tijú, bàbá. Gbogbo àwọn ọlọ́jọ́ orí yín ló ń wá bá wa. Ẹ ṣáà sọ ọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ alẹ́ ni?"

"Alẹ́ kẹ̀? Ojúmọmọ ni mo fẹ́ ẹ. Mo nílò ìmọ́lẹ̀."

Ẹnì kan lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ikọ́ tí kò jọ ikọ́.

"Màmá, etí ni mo wí. Etí. Etí."

"Háà, etí. Ó ń dùn yín ni àbí ó ń yún yín?"

"Kò dùn mí, kò yún mi."

"Á jẹ́ pé ó ti di." Obìnrin náà gbé ohùn sókè kí etí dídi lè gbọ́. "Ẹ máa kán an sínú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́."

"Bàbá, ẹ gba oògùn etí yín kí ẹ jẹ́ ká lọ sílé," ni ọkùnrin kan wí látẹ̀yìn.

Ó gbà á. Ó mú un lọ sílé nínú ọ̀rá. Láti ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló gbé etí sún mọ́ ọn, owó oògùn ló sì fi rà á.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí Ẹtì pé, ó ń ti ìta bọ̀, ó fẹ́ gun àtẹ̀gùn, ó sì ti ń ro inú àpótí tó máa kó ẹ̀mú sí. Ìsàlẹ̀ ilé náà ni ìyá alágbàfọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ ni bàbá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbogbo ọjọ́ ni ó ń sọ "ẹ kú iṣẹ́" sínú ooru, tí ooru sì ń dáhùn "ẹ kú ìrìn." Kò rí orí obìnrin náà rí, gèlè ló máa ń wà lórí rẹ̀, tó fi bo etí kí ooru áyọ́ọ̀nù má bàa jó o. Ṣùgbọ́n iná ti lọ lọ́jọ́ yẹn. Ìyá alágbàfọ̀ gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí àtẹ̀gùn, ó ṣí gèlè, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀.

Bàbá Aláago dúró. Etí òsì ló rí. Ó kéré, ó fara mọ́ orí wẹ́kú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kán omi tó fẹ́ já tí kò tíì já. Ihò tó wà níbẹ̀ wà láàárín gan-an. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wo nǹkan kéékèèké mọ iṣẹ́ dáadáa bó bá rí i.

"Ìyá alágbàfọ̀, ẹ kú ooru o."

Kò dáhùn. Bàbá rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó yí lọ síwájú rẹ̀.

"Ẹ kú ooru."

"Bàbá Aláago. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti wà lẹ́yìn mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, etí yín ni mò ń wá."

"Mò ń gbọ́."

"Kì í ṣe pé kí ẹ gbọ́."

Obìnrin náà dá páálí dúró. "Ẹni tó ń wá etí tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́, wọ́n ń lé onítọ̀hún ni."

"Yẹtí ni mo fẹ́ fi sí i. Màá yà á ní fọ́tò, màá fi ránṣẹ́ sí àwọn kan."

"Ṣé ojú mi ò dára tó ni?"

"Ojú yín dára. Wọn ò béèrè ojú."

Ìyá alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín títí páálí fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dáa náà. Látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, aṣọ ẹlòmíì ni wọ́n ń gbé wá bá mi. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé nǹkan wá fún ara mi, etí ló mú." Ó dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ kí iná tó dé."

Wọ́n gun àtẹ̀gùn. Bàbá Aláago ló ṣáájú, ó sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíì lẹ́yìn tirẹ̀, tó ń tẹ̀ lé e, tó ń dúró bí ó bá dúró. Ó tiẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan láìnídìí.

Ó ní kí ìyá alágbàfọ̀ jókòó síwájú fèrèsé, kó kọjú síta, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí apá òsì. Ó fi yẹtí sí i. Kẹ̀kẹ́ idẹ náà rọ̀ sílẹ̀, ó yí díẹ̀, ó dúró. Ó ní kó má mira. Kò mira, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọwọ́ náà sì bo etí ọ̀tún. Bàbá yà á, ó tún un yà. Ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti ṣí.

Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń sọ nípa yẹtí náà, pé inú aago ẹnì kan ló ti wá, pé ẹni náà ní òun ń bọ̀ wá mú un. Ọ̀rọ̀ fa ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn aago yìí ni òun ń bá gbé, pé gbogbo yẹtí tí òun bá ṣe, ohùn kan ló ń dákẹ́ lára ògiri, àti pé òun ti ń gbọ́ èémí ara òun báyìí, èyí tí òun kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní láàárọ̀ àná, ilẹ̀kùn ni òun kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, òun bẹ̀ ẹ́ pé kó má ké. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyàwó òun ti kú, kò sẹ́ni tó béèrè ta nìyẹn. Òun á ti ìta dé, òun á dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ bóyá wọ́n á béèrè, òun á wá wọlé bí olè. Ó ní òun ò fẹ́ lọ sílé àbúrò òun. Ó ní òun ò sì mọ ohun tí òun fẹ́ dúró ṣe níbí. Ìyẹn, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kò tiẹ̀ tíì sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Ó ń sọ ọ́, ó ń yà á ní fọ́tò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí fóònù, ó ń fi àtàǹpàkò nù ún, fóònù sì rò pé ó ní kí òun yà á, ó tún ń yà á.

Ìyá alágbàfọ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo ìta. Bàbá Aláago ò rí irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ẹlòmíì, o ò ní tíì sọ tìrẹ dé àárín kí wọ́n tó fi tiwọn lé e. Èyí ò já lu ọ̀rọ̀. Èyí ò ní "ẹ mú ọkàn le." Ó kàn ń gbọ́ ọ ni.

"Ìyá," ó ní nígbà tó sọ ọ́ tán, "kí lẹ rí sí i?"

Ìyá alágbàfọ̀ ṣì ń wo ìta. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó yí gbogbo orí rẹ̀ padà.

"Ṣé ẹ ti yà á?"

"Kí ni?"

"Fọ́tò náà. Ọrùn ti ń dùn mí. Ẹ ní kí n má mira."

"Mo ti yà á. Mo ní kí lẹ rí sí ohun tí mo sọ."

"Ẹ sọ̀rọ̀ ni? Ẹ má bínú, bàbá." Ó fi ìka kan etí ọ̀tún. "Èyí tí mo fọwọ́ bò yìí ló ń ṣiṣẹ́. Òsì yìí ti kú nígbà tí mo wà ní kékeré, ibà líle ló pa á. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹwà nìkan ló ń dá ṣe."

Bàbá Aláago dúró bí ẹni tó ti fi gbogbo ọ̀sán kó ẹrù sínú ọkọ̀, tí wọ́n wá sọ fún un pé ọkọ̀ náà ò ní ẹ́ńjìnnì.

"Ṣé ọ̀rọ̀ gidi ni?" ni obìnrin náà bi í.

"Rárá. Mo ní ooru mú."

"Ó mú lóòótọ́."

Iná dé. Ìyá alágbàfọ̀ rántí pé òun ò yọ áyọ́ọ̀nù lára iná, ó bọ́ yẹtí sórí tábìlì, ó sì sáré sọ̀kalẹ̀. Bàbá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tó fi dé ìsàlẹ̀.

Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ Ẹtì, èsì wọlé. Wọn ò ní ó kù díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀ sí àárín wa, bàbá. Etí náà ò láfiwé. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

Bàbá Aláago jó. Kò sẹ́ni tó rí i, ṣùgbọ́n ó jó, orókún rẹ̀ sì ń ké. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n gbà mí."

"Bàámi, ẹ má tàn mí o."

"Wọ́n gbà mí. Wọ́n ní ẹ káàbọ̀ sí àárín wa."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù. "Ó dáa. Ọkàn mi balẹ̀. Màá sọ fún wọn nílé yẹn pé kí wọ́n má wulẹ̀ tún yàrá ṣe mọ́. Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín, Bàámi. Mo ti ṣèlérí, mi ò ní dà yín láàmú mọ́."

"O ò dà mí láàmú."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé mò ń dà yín láàmú."

"Èmi ni mo máa ń sọ ọ́."

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ó dáa. Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Ó dàbọ̀, Bàámi."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti ń múra ìjà sílẹ̀ tipẹ́. Bí ọmọ bá tún bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà máa lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, pé ọjà ì báà gbà á, kò yẹ kó máa dá gbé, ohun tó máa fi dá a lóhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti tò ó jọ. Ọmọ ò bẹ̀ ẹ́.

Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Fóònù á dún tín, ẹnì kan ti rà á ní ibì kan. Tín, òmíràn. Oníbàárà ń wọlé, àtẹ̀gùn ò mọ̀. Bàbá Aláago á dìde, á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aago kan, á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó wà nítòsí ilẹ̀kùn, tó ń takú pé ọ̀sán ṣì ni, òun nìkan ló wá kù tó ń sọ̀rọ̀. Kò rí ẹni bá jiyàn mọ́.

Bàbá fara dà á fún ìwọ̀nba ọjọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó mú yẹtí kan dání, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìyá alágbàfọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Aláago." Áyọ́ọ̀nù ò dúró.

"Àwọn aṣàyàn fèsì."

"Ẹn-ẹ́n."

"Wọ́n ní fọ́tò náà dára, ó wá kù díẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ rí etí."

"Etí kejì?"

"Ọ̀tún. Ọ̀tún gan-an ni wọ́n dárúkọ."

Ìyá alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ó wò ó.

"Oníbàárà mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fi fóònù hàn mí lánàá. Ó ní, 'Ìyá, ṣé kì í ṣe etí yín rèé?' Mo wò ó, etí mi ni. Ó ní àwọn èèyàn ti ń rà á. Bàbá, ẹ ti wọlé."

Bàbá Aláago wo ilẹ̀, ó wo òkìtì aṣọ. "Mo ti wọlé," ó ní.

"Ẹ wá ń wá etí ọ̀tún."

"Mò ń wá a."

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan nínú òkìtì, ó gbọ̀n ọ́n. "Mo rí yín lọ́jọ́ yẹn nínú gíláàsì fèrèsé. Ẹnu yín ń lọ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo kọ́kọ́ rò pé àdúrà lẹ̀ ń gbà lé yẹtí lórí, mo wá rí i pé ẹ̀ ń sunkún. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń béèrè nǹkan bẹ́ẹ̀, ni mo ṣe ní ṣé ẹ ti yà á. Kí lẹ̀ ń sọ?"

Bàbá Aláago la ẹnu. Ó wá orí ọ̀rọ̀ náà, kò rí i. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣàn bí omi nígbà tí etí ò gbọ́, etí tó ń gbọ́ dé tán, ó gbẹ.

"Ẹ jókòó ná," ni ìyá alágbàfọ̀ wí. "Kò sí àga, ẹ jókòó sórí àwọn aṣọ tí mi ò tíì lọ̀. Wọ́n ti rún tẹ́lẹ̀."

Kó tó jókòó, ọkùnrin kan já wọlé pẹ̀lú àpò, ó ní òun ní ìpàdé, ṣẹ́ẹ̀tì òun ò gbọdọ̀ pẹ́. Ìyá alágbàfọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ dúró dè mí, bàbá. Mò ń bọ̀ wá gbọ́ ọ."

Bàbá Aláago dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, lápá ọ̀tún. Áyọ́ọ̀nù ń lọ, ó ń bọ̀. Ọkùnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bàbá, aṣọ tiyín dà?"

"Mi ò mú aṣọ wá."

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

"Etí wọn."

Ọkùnrin náà wo ìyá alágbàfọ̀, tó tẹ orí ba, tó ń tẹ́ kọ́là rẹ̀. Ó rò ó díẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà tán, tí wọ́n ká a, tí ó gbà á, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó wo òpópónà sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì. Ó padà wọlé, ó gbé àpò sílẹ̀, òun náà sì tò sẹ́yìn Bàbá Aláago.